Ẹ Bi Onífótò: Ilé Bàbá Wa Lábúlé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. A lọ ṣe òkú ìyá àgbà lábúlé wa lẹ́bàá Ilé-Olújìí nínú oṣù kẹfà, mo wá ya ilé tí bàbá bàbá mi fowó kòkó kọ́, alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ iwájú ẹ̀, páànù ẹ̀ ti dípẹtà. Nígbà tí mo délé tí mo wò ó, ojú ọ̀run funfun báláú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúdú bí inú ìkòkò, ilé wá fẹ̀yìn bíi pé ó fẹ́ sùn. Àbúrò mi gbé e sínú áàpù AI kan, fèrèsé onípákó di gíláàsì, ògiri ń dán, àfi bí ilé Lẹ́kí! Mo fẹ́ wọ́ọ̀ṣì ẹ̀ gbàǹgbà kí n fún bàbá mi. Kí ni kí n ṣe? — Ọmọ Olóko, Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ́jú o, Ọlọ́run á tẹ́ ìyá àgbà sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa èyí tí àbúrò yín ṣe yẹn rẹ́ ná. Áàpù yẹn ò dé abúlé yín rí, tó bá ti rí ibi tí ò hàn ṣe ló máa ń méfò, ohun tó sì mọ̀ jù ni ilé tuntun.

Fótò tó wà nínú fóònù yín gan-an ni kẹ́ ẹ lò o, kì í ṣe èyí tó ti gba orí WhatsApp kọjá, torí wọ́n máa ń fún un pọ̀ kó lè tètè lọ, ọjọ́ wọ́ọ̀ṣì lẹ máa tó rí i pé ojú ògiri ti rí wúruwùru. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló yà á, kó fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì.

Snapseed lèmi máa ń lò, áàpù tí wọ́n fi ń tún fótò ṣe lórí fóònù ni, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ wọ Perspective kẹ́ ẹ gbé ilé nàró, ẹ̀yin lẹ gbójú fóònù sókè kẹ́ ẹ lè rí òrùlé, òun ló jẹ́ kó fẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ rọra, ilé amọ̀ tó ti pẹ́, òun fúnra ẹ̀ lè ti wọ́. Bí mo ṣe máa ń mọ̀ ọ́n ni pé mo máa wo igun ilé lọ́tùn-ún àti lósì, tí méjèèjì bá jọ ń forí súnmọ́ra lókè, fóònù ló fà á, tó bá jẹ́ igun kan ṣoṣo ló wọ́, ilé ló wọ́ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá yín náà mọ̀ pé ó ti wọ́ tipẹ́.

Ẹ wá lọ sí Tune Image, ẹ fa Shadows sókè bíi 30 sí 40, títí ilẹ̀kùn àti àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ á fi hàn. Tẹ́ ẹ bá fà á dé 100 nǹkan bí iyanrìn ló máa dà síbẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ ò sì mọ́lẹ̀ bíi ṣọ́ọ̀bù rí.

Ojú ọ̀run ńkọ́? Ẹ fa Highlights wálẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Tí ìkùukùu bá yọ, ẹ ríre. Tó bá kàn di àwọ̀ eérú, a jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ gbé ojú ọ̀run búlúù láti ibòmíì wá lẹ̀ ẹ́, mi ò fara mọ́ ọn rárá, oṣù kẹfà lẹ yà á, òjò ṣú, kò sí òjìji kankan lábẹ́ òrùlé, oòrùn wo ló fẹ́ ràn lókè tí òjìji ò ní sí nílẹ̀? Ẹ kúkú gé òkè fótò náà kí òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí férémù, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àwọ̀ lọwọ́ èèyàn ti máa ń yọ̀ jù. Ilẹ̀ pupa, amọ̀ pupa, páànù tó dípẹtà náà pupa, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn, tẹ́ ẹ bá fi Saturation, tó ń mú àwọ̀ le, kan ọ̀kan ẹ ti kan gbogbo wọn nìyẹn, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ilé ti dà bí èyí tí wọ́n da epo pupa lé lórí. Selective ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fọwọ́ kan páànù, ẹ fìka méjì fẹ bíríkítí ẹ̀ dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ dín àwọ̀ ẹ̀ kù díẹ̀, ẹ wá fọwọ́ kan ògiri ẹ̀gbẹ́ tí wọn ò rẹ́, ẹ fún un ní Structure bíi 15, ẹ máa rí bí wọ́n ṣe mọ ọ́n ní ìpele-ìpele. Tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, awọ alángbá ló máa dà.

Tẹ́ ẹ bá tún padà lọ, ẹ má yà á lọ́sàn-án gangan. Lọ́dọ̀ wa níbí oòrùn máa ń wà ní àtàrí, pàápàá níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, òjìji òrùlé á kàn gbé gbogbo ògiri mì. Aago méje àárọ̀ dáa tílé bá kọjú sí ìlà oòrùn, tó bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ẹ dúró di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ fọwọ́ tẹ òrùlé lójú fóònù, àmì oòrùn kékeré kan á yọ, ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀ kí ojú ọ̀run má jóná. Èmi o, ẹ̀yìn òjò ni mo fẹ́ràn jù, tí ògiri amọ̀ bá mu omi tán, àwọ̀ ẹ̀ á jinlẹ̀ débi pé ẹ ò ní fẹ́ ẹ́díìtì nǹkan kan.

Fótò ilé wa n'Íjẹ̀bú tí wọ́n yà láàárín 1970 sí 1980 wà lọ́wọ́ mi níbí, ó ti pupa, iṣẹ́ sìmẹ́ńtì olódòdó tó yí fèrèsé ká ò hàn mọ́, ó tún ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù. Ṣé kí n ṣí i kúrò? — Ìyá Ìbejì, Peckham

Áà, ẹ má fà á o mà! Ojú fótò ló máa dúró sára gíláàsì. Ẹ gbé e pẹ̀lú gíláàsì ẹ̀ sínú sìkánà, 600 dpi (ìyẹn àmì kéékèèké 600 nínú ínṣì kan), fótò tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́rin tó sì gùn ní mẹ́fà á fún yín ní àmì 2400 níbùú àti 3600 lóròó, ó tó wọ́ọ̀ṣì tóbi. Tí ò bá sí sìkánà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ pa fíláàṣì, ẹ ta aṣọ dúdú sẹ́yìn ara yín kí nǹkan tó wà lẹ́yìn yín má baà hàn nínú gíláàsì. Àwọ̀ tó jọ aró ló máa ń tètè ṣá lára irú fótò bẹ́ẹ̀, pupa á wá ṣẹ́kù, nítorí náà nínú White Balance ẹ fa Tint sápá ewé díẹ̀díẹ̀ títí ohun kan tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó funfun, bí aṣọ ẹnì kan nínú fótò, á fi funfun padà. Òdòdó ara fèrèsé yẹn, iṣẹ́ tí àwọn bíríkìlà Agùdà mú ti Brazil bọ̀ ni, Structure díẹ̀ níbẹ̀ nìkan, á yọ.

Ṣé ó dáa kí n yọ wáyà iná, díìṣì àti ọ̀kadà tó wà níwájú ilé? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Wáyà tó gba ojú ọ̀run kọjá, ẹ fi Healing yọ ọ́, ẹ fẹ fótò náà tóbi kẹ́ ẹ máa pa á díẹ̀díẹ̀. Èyí tó gba orí páànù, ẹ fi sílẹ̀, ó máa ba ìlà páànù jẹ́. Díìṣì, ó wù yín. Ọ̀kadà ta ni?