Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Bi Ìyá Yín Léèrè Kí Àrùn Ìgbàgbé Tó Le

Ìbéèrè: Òkun o, Dókítà. Ìyá wa, ẹni ọdún 73, ń gbé ní Kàbà. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Lọ́kọ́jà fi hàn pé àrùn ìgbàgbé ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì mọ gbogbo wa, wọ́n sì ń ná ọjà fúnra wọn. Mo fẹ́ bi wọ́n bí wọn yóò ṣe fẹ́ kí á tọ́jú wọn nígbà tí ó bá le, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní ikú ni mo ń pè wálé. Abuja ni mo wà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ bi wọ́n, ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́. Ẹ̀rù tí ń ba ẹ̀gbọ́n yín yé mi, ṣùgbọ́n irú àrùn ìgbàgbé tí ń le sí i báyìí kò tíì ní oògùn tí ń wò ó sàn, bí a kò bá sì gbọ́ tẹnu ìyá lónìí, ẹ̀yin ọmọ ni ẹ óò máa jiyàn lórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn lọ́la.

Pé ènìyàn ṣi ọjọ́ mú kò sọ ọ́ di ẹni tí kò lè pinnu. Ohun tí à ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú rẹ̀ yé e, tí ó sì lè sọ ìdí tí ó fi yan èyí tí ó yàn. Àárọ̀ ni kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí pé ọkàn ọ̀pọ̀ alárùn yìí máa ń dàrú bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹ sì fi Òwé, èdè Kàbà tí wọ́n ń sọ nílé, sọ ọ́, kì í ṣe èdè ìlú ńlá. Ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ó máa bá dókítà sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Oúnjẹ ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Bí àrùn náà bá jinlẹ̀, gbígbé oúnjẹ mì a di ìṣòro, oúnjẹ a máa ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn ọmọ a sì ní kí á ti rọ́bà gba imú wọ inú ìyá wọn. Ìwádìí kò fi hàn pé rọ́bà yìí ń fi kún ẹ̀mí alárùn ìgbàgbé tí ó ti dé ìpele ìkẹyìn, tàbí pé ó ń dènà àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa fà á yọ, títí àwọn tí ń tọ́jú wọn yóò fi de ọwọ́ wọn mọ́ ibùsùn. Ohun tí à ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn ni kí á gbé aláìsàn jókòó dáadáa, kí á fi ṣíbí kékeré bọ́ ọ ní oúnjẹ tí ó rọ̀, kí á sì dáwọ́ dúró bí ó bá ti pa ẹnu dé. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò febi pa ìyá rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé èyí fún mọ́mì, kí ẹ gbọ́ èsì wọn, kí ẹ sì béèrè bóyá Lọ́kọ́jà ni wọn yóò fẹ́ kí á máa gbé wọn lọ nígbàkígbà tí ibà bá dé, tàbí kí á tọ́jú wọn nílé.

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 gbà pé aláìsàn lè kọ ìtọ́jú, nítorí náà ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ti dúkìá di ọwọ́ lọ́yà, kíákíá pàápàá: ìwé tí a fi ń yan aṣojú lásán kì í lágbára mọ́ bí ẹni tí ó fúnni láṣẹ kò bá lè dá ronú mọ́, ìwé ìhágún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ṣe nígbà tí ọpọlọ ṣì pé, níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí kò sí nínú àwọn tí yóò jogún.

Ẹ fi ẹ̀dà kan ìwé tí ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ nípa ìtọ́jú sí sínú fáìlì wọn nílé ìwòsàn, kí ẹ sì fún ẹni tí ó ń bá wọn gbé ní Kàbà ní òmíràn, nítorí pé bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ lóru, òun ni yóò gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ wà ní Abuja.