Gàrí ni mo ń bá màmá mi ṣe: kí ni mo fẹ́ sọ níbi íntáfíù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Microbiology ni mo kà ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo, Àgọ́-Ìwòyè, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ ní Ṣàgámù ti pè mí fún íntáfíù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ní ẹ̀ka tó ń yẹ ọjà wò kó tó jáde. Yàtọ̀ sí IT (iṣẹ́ ìdánrawò ní iléeṣẹ́) tí mo ṣe nígbà tí mo wà nílé ìwé, n kò ṣiṣẹ́ níbì kankan rí, gàrí lásán ni mo ń bá màmá mi ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Tí wọ́n bá ní kí ni mo ti ṣe rí, kí ni kí n sọ?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú oríire. Ibi tí mo ti dúró nínú lẹ́tà rẹ ni ibi tó o ti ní "gàrí lásán". Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn iléeṣẹ́ gba èèyàn síṣẹ́ ní Rẹ́mọ yìí, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí wọn kì í rí iṣẹ́ mú ti ṣe nǹkan gidi rí. Wọn kò kàn kà á kún iṣẹ́ ni.

Wo gàrí Ìjẹ̀bú yẹn dáadáa. Ẹ ó rin ẹ̀gẹ́, ẹ ó dì í sápò, ẹ ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan, ẹ ó fún omi rẹ̀ dànù, ẹ ó fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, ẹ ó wá yan án. Kí ló mú un kan? Lactic acid bacteria, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí o kà nípa wọn ní kíláàsì, ni, àwọn ló ń sọ ṣúgà inú ẹ̀gẹ́ di ásíìdì. Rírin tí ẹ rin ín ló jẹ́ kí èròjà inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ráyè tú cyanide, májèlé inú rẹ̀, sílẹ̀, omi tí ẹ fún dànù àti iná tí ẹ fi yan án ló ń lé e lọ. Bí gàrí kò bá gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó dì í sápò, ó máa bu. Màmá rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń fọwọ́ kan án kó tó dì í. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ọ́ sí nìyẹn gan-an.

Nítorí náà, má sọ fún wọn pé o máa ń ran màmá rẹ lọ́wọ́. Ronú kan ìgbà kan pàtó tí nǹkan fẹ́ bàjẹ́: bóyá ẹ̀gẹ́ kò kan tó, bóyá oníbàárà dá gàrí padà. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, èyí tó jẹ́ ojúṣe tìẹ níbẹ̀, ohun tí o ṣe, àti ibi tó já sí. Ohun tí o ṣe ni kó o ti pẹ́ jù. A máa ń gbọ́ "a ṣe èyí, a ṣe tọ̀hún" títí ilẹ̀ á fi ṣú, a kò sì ní mọ ẹni tó ṣe kí ni. Sọ pé "mo". Ohun tí kò bá sì ṣẹlẹ̀, má hùmọ̀ rẹ̀ o, ìbéèrè kejì ló máa tú u.

IT rẹ ńkọ́? Wá logbook rẹ, ìwé tí o ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, jáde lálẹ́ òní, kó o kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó máa yà ọ́ lẹ́nu bí ohun tó o ti gbàgbé ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà, ra ọ̀kan nínú ọjà iléeṣẹ́ yẹn, kó o ka ara páálí rẹ̀: nọ́mbà NAFDAC, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí kò ní dára mọ́, nọ́mbà batch (ìyẹn ọ̀wọ́ ọjà tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà). Bi ara rẹ pé àyẹ̀wò wo ló gbé ìlà kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Mọ HACCP, ìlànà tí àwọn iléeṣẹ́ oúnjẹ fi ń dènà ewu nínú oúnjẹ, débi tí wàá fi lè fi gàrí ṣàlàyé rẹ̀: ibo ni ewu lè gbà wọlé, ibo la ti lè dí i.

"Sọ fún wa nípa ara rẹ" kì í ṣe ìbéèrè ìlú bàbá ẹni àti iye ọmọ ìyá ẹni. Ohun tí o kà, ohun tí o lè ṣe, ìdí tó o fi fẹ́ iṣẹ́ yìí. Ìṣẹ́jú kan ti tó.

Ilé ló kọ́ wa pé ọmọdé kì í wo àgbà lójú, ẹ̀kọ́ rere sì ni. Kúnlẹ̀ kí wọn bó o bá wọlé, kò sẹ́ni tó máa bínú sí i. Àmọ́ bó o bá ti jókòó, wo ojú ẹni tó bi ọ́ léèrè, kó o sì gbóhùn sókè. Ó máa ń dùn mí tí ọmọ tó mọ̀wé bá ń bá tábìlì sọ̀rọ̀.

Orúkọ rẹ lórí èsì WAEC, lórí ìwé ẹ̀rí yunifásítì àti lórí ti àgùnbánirọ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọ́n bá yàtọ̀, lọ búra ní kóòtù kó tó di Ìṣẹ́gun. Ìwọ náà mọ̀ pé wàá wọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde kó o tó wọ ti Ṣàgámù, dẹ́rẹ́bà kì í sì í gbéra bí èrò kò bá kún. Bó o bá ní ẹbí ní Ṣàgámù, lọ sùn lọ́dọ̀ wọn lálẹ́ Ajé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kó o sanwó fọ́ọ̀mù tàbí owó aṣọ iṣẹ́ kí wọ́n tó gbà ọ́, gbájúẹ̀ ni, padà sílé.

Lórí owó oṣù, ₦70,000 ni òfin ní ó kéré jù láti 2024. Ṣírò owó ọkọ̀ tàbí owó yàrá rẹ kó o tó dárúkọ iye kankan, bí wọ́n bá sì bi ọ́, kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń san fún ipò náà.

Bí wọ́n bá ní ṣé o ní ìbéèrè, má sọ pé rárá. Béèrè pé ta ni yóò máa kọ́ ọ níṣẹ́ ní oṣù àkọ́kọ́, àti pé bí ọjà kan bá kùnà àyẹ̀wò lóru, ta ló láṣẹ láti dá a dúró.