Ajẹ́lẹ̀: ṣé gómìnà ni?

Ẹnì kan béèrè pé ìyá òun àgbà máa ń pe D.O., òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè láyé òyìnbó, ní "ajẹ́lẹ̀", pé ṣé gómìnà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Rárá o. Ajẹ́lẹ̀ kì í gorí ìtẹ́ ẹnikẹ́ni. Ìlú alágbára ló ń fi í sí ìlú tó bá ṣẹ́gun. Ọba ibẹ̀ á ṣì máa dé adé rẹ̀, àlejò yìí á máa gba ìṣákọ́lẹ̀, á máa ṣọ́ wọn, á sì máa ròyìn fún ẹni tó rán an. Àwọn ará ìlú náà ló ń bọ́ òun àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀. Ìjà ò lè ṣàìsí ńbẹ̀.

Láyé Ọ̀yọ́, àwọn ìlàrí, ẹrú Aláàfin tí wọ́n ń fá apá kan orí wọn, ni wọ́n sábà ń rán. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá kún fún wọn títí Lísàbí fi sọ ẹgbẹ́ àáró, àwọn àgbẹ̀ tó ń bára wọn roko, di ẹgbẹ́ ogun, tí wọ́n sì pa wọ́n nípakúpa. Ìlọrin àti Núpé náà ní ajẹ́lẹ̀ tiwọn.

Ti Ìbàdàn ló wá le jù. Ìlú kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ wọn ní ìjòyè kan ní Ìbàdàn tó jẹ́ baba kékeré fún un, ajẹ́lẹ̀ sì jẹ́ ọmọ iṣẹ́ baba yìí. Ó ní láti wá ti ọ̀gá, kó tún wá ti ara rẹ̀. Ewúrẹ́, iṣu oko, títí dórí ìyàwó oníyàwó, kò sí èyí tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ajẹ́lẹ̀ ò fọwọ́ kàn ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ní 1878, Fábùnmi, jagunjagun Òkèmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ obìnrin ló dá a sílẹ̀. Àwọn ìlú yòókù ṣe bẹ́ẹ̀, Èkìtìparapọ̀, àjọṣe Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, dìde, ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn àti Ìbàdàn. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó kúrò ní bùdó.

Nígbà tí òyìnbó wá jókòó ti ọba, tó ń pàṣẹ fún un, àwọn èèyàn ti ní orúkọ tí wọ́n á pè é. Ìyá àgbà ò ṣì í pè.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì àtijọ́ ló yà mí lẹ́nu: baálẹ̀ Jùdíà ni wọ́n pe Pílátù. Onílé ni baálẹ̀, Róòmù ló sì rán Pílátù wá. Tó bá jẹ́ tèmi ni, ajẹ́lẹ̀ ni mi ò bá kọ.