Kì í ṣe aràn ló ń bu àpò ìtọ̀ ọmọ yín jẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ti ń tọ ẹ̀jẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta. Ìtòsí odò Ọ̀yán là ń gbé. Wọ́n ní àtọ̀sí ajá ni, pé aràn ló ń bu àpò ìtọ̀ rẹ̀ jẹ. Alágbo fún wa ní èyí tó máa fọ aràn náà dànù. Ó mu ún fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ sì ti dá. Ṣé aràn ti jáde tán nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ìyá wa. Ẹ mú ọmọ yín lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ó jọ àtọ̀sí ajá lóòótọ́, torí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní agbègbè Ọ̀yán tipẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn náà lè mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀, n ò sì lè wò ó láti ibi tí mo wà.

Ọ̀rọ̀ "aràn ń bu àpò ìtọ̀ jẹ" yìí ló ń kó àwọn èèyàn sọ́wọ́ alágbo. Aràn àtọ̀sí ajá kì í gbé inú àpò ìtọ̀. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká ló wà, takọtabo, tí abo wọ inú kòtò ara akọ bí ọ̀bẹ inú àkọ̀. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún 3 sí 10. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n tún ń mú nǹkan lára ẹ̀jẹ̀ wa fi bora, tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń rò pé ará ilé ni wọ́n. Bí àgbo bá tilẹ̀ mú kí ọmọ máa tọ̀ dáadáa, báwo ni ìtọ̀ ṣe fẹ́ fọ ohun tó wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ dànù? Ẹni tó bá ní òun fi aràn yìí hàn yín nínú ìtọ̀, ó ń tàn yín ni.

Ẹyin ni wàhálà. Abo kan lè yé 20 sí 200 lóòjọ́. Ẹyin náà ní ẹ̀gún ṣóńṣó nídìí, ọ̀pọ̀ sì rò pé ẹ̀gún yẹn nìkan ló ń ya àpò ìtọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ aràn tó wà láàyè nínú ẹyin ń tú oje jáde gba inú àwọn ihò tíntìntín ara èèpo rẹ̀. Purotéènì ló kún inú oje yẹn. A mọ purotéènì mọ́ ẹ̀wà àti ẹran, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ni àwọn tí mò ń sọ yìí. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ IPSE. Ó máa ń di IgE, ohun ìjà kan tí ara wa ń ṣe, mú lára àwọn ọmọ ogun ara kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní basophil, kí wọ́n lè tú ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ IL-4 sílẹ̀. IL-4 yìí ló ń ké sí àwọn ọmọ ogun ara tó kù. Wọ́n á ya bo ẹyin náà, wọ́n á yí i ká, ibẹ̀ á wú di kókó.

Kí ló dé tí ẹyin fi ń pe ogun wá bá ara rẹ̀? Torí kò lè dá rìn ni. Ogun yẹn ló ń tì í gba inú ẹran ara kọjá dé inú ìtọ̀. Lára aràn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, èyí tó ń yé ẹyin sí ìfun, a rí i pé ẹyin tó ń bá ìgbẹ́ jáde máa ń dín kù lára ẹni tí HIV ti dín ọmọ ogun ara rẹ̀ kù. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí jẹ́ ojú ọ̀nà tí ẹyin là kọjá. Èyí tí kò bá rí ọ̀nà jáde, tó sì pọ̀ gan-an, á kú síbẹ̀, á di àpá, á le bí ẹfun. Bó bá pẹ́, àpò ìtọ̀ á gan, ìtọ̀ á máa padà sẹ́yìn lọ ba kíndìnrín jẹ́. Láti 1994 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti ka aràn yìí mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ̀jẹ̀ dá kì í ṣe ẹ̀rí ìwòsàn. Ó máa ń wá, ó máa ń lọ. Nígbà mìíràn, ẹyin ti há sínú ẹran ara ni, tí kì í jáde mọ́.

Ẹ gba ìtọ̀ rẹ̀ láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, lẹ́yìn tó bá ti sáré tàbí fò díẹ̀. Kó tọ̀ ọ́ tán pátápátá sínú ìgò, torí ìparí ìtọ̀ ni ẹyin máa ń pọ̀ sí jù. Ó kéré tán kó tó mílílítà 10. Kí omi má kù nínú ìgò o: bí omi bá dà pọ̀ mọ́ ìtọ̀, ẹyin lè pa kí ọmọ aràn jáde, a ò sì ní rí i mọ́. Bí wọn ò bá rí nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún gbé ti ọjọ́ mìíràn lọ.

Praziquantel ni oògùn rẹ̀: mílígíráàmù 40 fún kílò kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn oúnjẹ. Ọmọ tó wọn kílò 30 á lo hóró 600 méjì. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀ ní kẹ́míìsì. Bí gìrì bá ti ń gbé e rí, ẹ sọ fún dókítà kó tó gbé e mì. Albendazole tí ẹ ń lò fún aràn inú kì í pa èyí, abẹ́rẹ́ àtọ̀sí pàápàá kò kàn án. Orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́. Praziquantel kì í pa aràn tí kò tíì dàgbà, nítorí náà, bí ọmọ yín bá wọ odò láìpẹ́, níbi tí aràn yìí ti ń wọ ara èèyàn, dókítà lè ní kó tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Kì í sì í kó ẹyin tó ti há kúrò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì yọ díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má torí ẹ̀ padà sídìí àgbo; ẹ gbé e lọ fún skáànù.

Ẹ yẹ àwọn ọmọ yòókù tó ń bá a lọ sódò wò, pàápàá àwọn ọmọbìnrin. Ẹyin yìí máa ń wọ ojú ara wọn, á dá egbò síbẹ̀, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹ̀sùn ọkùnrin kan ọmọ tó jẹ́ pé omi ló lọ pọn.