Ṣé àfojúdi ni kí ọmọ wo àgbà lójú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Párísì ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Benin ni bàbá mi. Nígbà tí mo wá sílé lọ́dún tó kọjá, bàbá àgbà pè mí láti gbà mí níyànjú. Mo kúnlẹ̀, mo sì ń wo ojú wọn bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé mò ń gbọ́. Wọ́n dákẹ́ lójijì, wọ́n ní ọmọ aláfojúdi ni mí. Kí ló ń jẹ́ àfojúdi gan-an? Kí ni mo ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o káre tí o kúnlẹ̀. Àwọn mìíràn tó ti òkèèrè bọ̀, ọwọ́ ni wọ́n máa ń nà sí bàbá àgbà láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ojú wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fojú di ọ́ wò ọ́, ó sì rí ọ bí ẹni tí kò tó nǹkan. Àwa kì í yọ ojú kúrò nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó kẹ́gàn rẹ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ. Ẹni tó rò pé o kéré fojú tín-ín-rín wò ọ́. Ẹni tó sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, ojú a máa tì í. Nínú èdè wa, ojú lè ṣẹ àgbà kí ẹnu tó dá sí i.

Ṣùgbọ́n má rò pé wíwò lásán ni wọ́n torí rẹ̀ bá ọ wí. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn wo ẹlòmíràn, ọ̀tọ̀ ni kó tẹjú mọ́ ọn, ọ̀tọ̀ sì ni kó ranjú mọ́ ọn. Ọmọ tó bá mọ ojú là ń yìn. Àlejò wọlé, ọmọ ń jẹun lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, ọmọ ti mọ̀ pé kí òun gbé àwo òun lọ sẹ́yìnkùlé. Ọmọ tí kì í wo ojú ìyá rẹ̀ rárá, báwo ni yóò ṣe gbọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, a fẹ́ kó wò wá fìrí, kó gba iṣẹ́, kó sì wolẹ̀. Ìwọ kò wolẹ̀. O tẹjú mọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi dákẹ́, bí ẹni tó ń wádìí bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

O lè bi mí pé, “Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ojú lọ̀rọ̀ wà?” Bẹ́ẹ̀ ni. Bí èmi ṣe gbọ́ òwe yẹn sí, ó wà fún ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, tàbí fún àwọn tó ní aáwọ̀ tí wọ́n fẹ́ parí. Bí ó bá jẹ́ ti ọmọ àti àgbà, àgbà ló ń ka ojú ọmọ. Adé ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ọba wa pàápàá, ṣé o ti ṣàkíyèsí bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe máa ń rọ̀ bo ojú ọba? A kì í kàn fi ojú lásán pàdé ojú ọba.

Kétu kan náà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé eré ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde bí àṣà pàtàkì ní 2001, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2008. Ní òru tó ṣáájú ijó ojú ọ̀sán, Èfẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a jáde, a máa kọrin. Ó lè fi àgbà tó ṣojúsàájú ṣẹ̀sín, ó lè bú ẹni tó jẹ owó ẹgbẹ́. Orí ni ère wà, aṣọ ló bo ojú ẹni tó gbé e. Gbogbo wa mọ ọmọ ta ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pè é ní aláfojúdi lọ́jọ́ kejì, nítorí kò sí ojú tó kan ojú. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀. A kò ní kí ọmọ má sọ òótọ́ fún àgbà, ojú rẹ̀ la ní kó bò.

Èmi tí mò ń dá ọ lóhùn yìí ti ṣìwà hù nínú ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Faransé la sì fi ń kọ́ni. Wọ́n ti kọ́ wa pé ọmọ tó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ni ó ń wo olùkọ́. Lọ́jọ́ kan, owó sọnù lórí tábìlì mi. Mo pe ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú, mo bi í. Ó ń wolẹ̀, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Mo ní, “Wò mí lójú kí o tó dáhùn!” Kò wò mí. Mo ní òun náà ló gbé e, mo sì mú un dúró sínú oòrùn. Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́rọ̀, owó jáde láàárín ìwé tèmi.

Ìyá àgbà rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Wọn ò pariwo. Wọ́n kí mi, wọ́n bi mí léèrè ilé àti ọmọ, kí wọ́n tó ní, “Olùkọ́, ọmọ tí mo kọ́ pé kó má wo àgbà lójú ni ẹ pè lólè.” Kétu ni wọ́n bí mi sí o! Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́ mi ní ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe. Ilé ìwé ló fún mi ní ojú mìíràn, n kò sì mọ̀ pé mo ti pààrọ̀ ojú.

Kì í ṣe ìlú nìkan ló ń fún ènìyàn lójú tó fi ń wo ẹlòmíràn. Lọ sí Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo. Wàá rí ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ láti kí àgbà ṣùgbọ́n tí kò dọ̀bálẹ̀, nítorí ó gbà pé Ọlọ́run nìkan ni òun lè forí kanlẹ̀ fún. Àgbà kan yóò ní ìgbéraga ni. Èkejì tó jẹ́ Mùsùlùmí bíi tirẹ̀ kò tilẹ̀ ní ṣàkíyèsí. Ọmọ bàbá kan náà lè ni àgbà méjèèjì.

Àwọn ìbátan rẹ tó wà ní Ìmẹ̀kọ ńkọ́? Ọmọ Kétu ni wọ́n, ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 ló sọ wọ́n di ará Nàìjíríà. Bí a bá pàdé níbi òkú, wọn a ní àwa ń bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ kiri bí òyìnbó, àwa náà a ní ariwo tiwọn ti pọ̀ jù.

Mo tún fura sí ohun kan tí o kò kọ. Ṣé Faransé lo fi dá wọn lóhùn? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé “tu” lo pè wọ́n? Ní Párísì, bí ọmọ ṣe ń pe bàbá àgbà rẹ̀ nìyẹn, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n “ìwọ” ni bàbá àgbà rẹ yóò gbọ́. Ìyẹn á dun wọ́n ju wíwò lọ, wọ́n sì lè ti kó méjèèjì pọ̀ sábẹ́ àfojúdi kan ṣoṣo.

Nígbà mìíràn, kúnlẹ̀, kí wọn, wolẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ò ń gbọ́, ẹnu ni kí o fi sọ ọ́: “ẹn”, “bẹ́ẹ̀ ni, bàbá”, “mo gbọ́, bàbá”. Bí wọ́n bá ń wá ojú rẹ, wọ́n á ní kí o gbé e sókè. Orí WhatsApp ni wọ́n á ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ àwọn bàbá wa. Wàá wolẹ̀ dáadáa bí mo ṣe kọ́ ọ, wọ́n á sì máa pariwo láti Kétu pé irun orí rẹ nìkan làwọn ń rí, kí ló dé tí o kò jẹ́ kí àwọn rí ojú rẹ?