Nọ́ńbà Lọ́ńdọ̀nù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01

Àbúrò, o ní inú ìwé nọ́ńbà tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ lo ti rí nọ́ńbà àbúrò wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, pé 01 ló ṣáájú, pé o pè é títí, kò lọ. Kò lè lọ. Ṣùgbọ́n má tíì ya ojú ìwé yẹn dànù.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá ti Lọ́ńdọ̀nù ni lóòótọ́, torí 01 náà ni fóònù ilé l'Ékòó fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Bí 44, kóòdù ìlú òyìnbó, bá wà níwájú rẹ̀, tàbí 009 tí a fi ń pe òkè òkun, ó ti yé wa.

Mo ta ìpè ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Sábó, Ìkòròdú, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nọ́ńbà Lọ́ńdọ̀nù ló dà mí láàmú jù. Oṣù karùn-ún 1990 ni wọ́n pín 01 sí méjì: àárín ìlú gba 071, àwọn àdúgbò tó yí i ká gba 081. Oṣù kẹrin 1995, wọ́n fi 1 há a láàárín, ó di 0171 àti 0181. Oṣù kẹrin 2000, gbogbo rẹ̀ tún di 020, tí 7 tàbí 8 sì wá ṣáájú òǹkà méje àtijọ́. Àwọn ìyá tó ń mú lẹ́tà ọmọ wọn wá a máa rò pé mo fẹ́ jẹ wọ́n lówó ni: "Nọ́ńbà tí mo fi bá a sọ̀rọ̀ nígbà Iléyá nìyí!" Màmá kan tilẹ̀ gbàdúrà tán pátá sínú ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ nílé òyìnbó kan. Owó ìpè ọ̀hún, ó san án ni o.

Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé òǹkà méje tó tẹ̀ lé 01 kò yí padà. 7 tàbí 8 nìkan lo ń wá. Wo àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn àpò lẹ́tà wọn. Peckham, 7 ni. Tottenham àti Edmonton, 8. East Dulwich fara kan Peckham, síbẹ̀ 8 ni. Ti Hackney ló lọ́jú pọ̀, méjèèjì ló wà níbẹ̀: 985 àti 986 lọ sí 8, 249 àti 254 lọ sí 7.

Tìẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 639, Peckham ni. Tẹ +44 20 7639, kí o fi mẹ́rin tó kù kún un. Ìdí tí èyí tí ò ń pè kò fi lọ ni pé 01639 ti di ti ìlú Neath ní Wales, òǹkà tí o tẹ̀ kò sì pé fún ibẹ̀.

Má ṣe dán 7 àti 8 wò kí o sì gba ẹnikẹ́ni tó bá gbé e gbọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n pín in, òǹkà méje kan náà lè wà lọ́wọ́ ẹni méjì, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bí àbúrò bàbá rẹ bá sì ti kó kúrò, ẹlòmíràn lè ti gba ìlà náà. Jẹ́ kí ẹni tó gbé e fúnra rẹ̀ dárúkọ bàbá rẹ kí o tó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ilé. Bí kò bá mọ̀ wọ́n, kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí o pè. Nígbà ooru wọn, aago wa àti tiwọn dọ́gba; nígbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn.