Ohun Tó Ń Pa Koríko Lórí Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ti Wa Kùsà

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé wọ́n ti dí kòtò ìwakùsà, wọ́n tẹ́ erùpẹ̀ ọlọ́ràá lé e, wọ́n fọ́n irúgbìn koríko, ó sì hù dáadáa. Àmọ́ nígbà tó máa fi di ọ̀dá kejì, ó ti ń pọ́n, ó ń kú níbì kọ̀ọ̀kan. Ṣé irúgbìn ni kò dáa? Ẹ má tíì dá irúgbìn lẹ́bi, ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn òjò, ẹ mú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fọwọ́ tì í wọlẹ̀. Bó bá dúró gbọn-in ní sẹ̀ǹtímítà 15, ibẹ̀ náà ni gbòǹgbò máa dúró sí. Katakátà àti ọkọ̀ akẹ́rù tó tẹ́ ilẹ̀ náà ló tẹ̀ ẹ́ le bẹ́ẹ̀. Ìtúlẹ̀ lásán kò lè tú u. Eyín irin gígùn tí katakátà ńlá ń wọ́ lẹ́yìn ló máa ṣe é: kó wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90, kí ìlà kan jìnnà sí èkejì tó bíi mítà kan, kó sì gba ìbú òkè, kó má ṣe gba òkè lọ sí ìsàlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ti la ọ̀nà fún ọ̀gbàrá nìyẹn. Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ ni kí ẹ ṣe é. Bó bá tutù, kò ní fọ́. Eyín irin á kàn gé e bí ọ̀bẹ ṣe ń gé ọṣẹ, ojú ibi tó gbà á sì dán. Lẹ́yìn náà, kí ọkọ̀ wúwo kankan má gun orí rẹ̀ mọ́.

Bí gbòǹgbò bá ráyè, ó ku ásíìdì. Ibi tí koríko ti kú pátápátá, tí ilẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà, ẹ fura sí pyrite, ìyẹn irin àti imí-ọjọ́ tó dì pọ̀. Bí atẹ́gùn àti omi bá kàn án, ásíìdì ló ń dà, kì í sì í tán lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi da láìmù (ìyẹ̀fun òkúta tó ń pa agbára ásíìdì) sí i, tí pH (òṣùwọ̀n ásíìdì: bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀) á gòkè, tí á tún jábọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. pH nìkan kò tó ní ilé àyẹ̀wò. Ẹ ní kí wọ́n wọn imí-ọjọ́ inú pyrite náà. Bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà bá jẹ́ imí-ọjọ́ yìí, ó ń fẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 31 láìmù fún 1,000 tọ́ọ̀nù ilẹ̀. Hẹ́kítà kan tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15 wúwo tó 2,000 tọ́ọ̀nù, ìyẹn ju tọ́ọ̀nù 60 láìmù lọ. Ní tèmi, bó bá ti tó bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ẹ fi ilẹ̀ tó dáa bò ó mọ́lẹ̀ nípọn. Bí kò bá sí pyrite, tọ́ọ̀nù díẹ̀ tí àyẹ̀wò bá sọ ti tó: ẹ da ìdajì ṣáájú ìtúlẹ̀, ẹ da ìyókù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí pH kọjá 5.5, nítorí nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni aluminium ti ń ba gbòǹgbò jẹ́.

Ajílẹ̀: irú ilẹ̀ yìí máa ń há fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára oúnjẹ ewéko, mọ́ra, nítorí náà ẹ má ṣahun níbẹ̀. Náítírójìn ní tiẹ̀, 30 sí 50 kìlógíráàmù lórí hẹ́kítà ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, koríko á bo àwọn ewéko ìdílé ẹ̀wà tí ẹ gbìn pọ̀ mọ́ ọn, tó yẹ kó máa pèsè náítírójìn fún un lọ́jọ́ iwájú. Ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà dáa ju gbogbo ajílẹ̀ àpò lọ níbi tí erùpẹ̀ ti pẹ́ lórí òkìtì, torí ọ̀pọ̀ kòkòrò tíntìntín inú erùpẹ̀ náà ti kú.

Ẹ fi rhizobium, kòkòrò tíntìntín tó ń bá ewéko ìdílé ẹ̀wà pèsè náítírójìn, èyí tó bá irú ewéko náà mu, po irúgbìn rẹ̀. Ìdílé ẹ̀wà ni clover àti stylo, àmọ́ rhizobium ti clover kò wúlò fún stylo. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ superphosphate, ìyẹn ajílẹ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ásíìdì rẹ̀ á pa á. Ẹ gbìn ín lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn rí i. Hóró kéékèèké kò gbọ́dọ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ẹ fi rólà tẹ ilẹ̀ títí ẹsẹ̀ yín kò fi ní rì wọ̀ ọ́. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ fi koríko gbígbẹ tọ́ọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin bo hẹ́kítà kan, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ hú ewéko ìdílé ẹ̀wà kan, ẹ la kókó ara gbòǹgbò rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá pupa, ó ń ṣiṣẹ́, bó bá funfun, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹran kò gbọ́dọ̀ yá wọlé. Ẹ fọwọ́ fa koríko: bí gbòǹgbò bá tẹ̀ lé ọwọ́ yín, kò tíì yá. Bó bá yá, ẹ kó wọn jáde nígbà tí gíga koríko bá ku sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá rin, kí pátákò má tún tẹ ohun tí ẹ ti náwó tú.

Ẹ tún gbé koríko náà lọ fún àyẹ̀wò òjé, cadmium, bàbà àti molybdenum, àwọn irin tí koríko lè fà látinú ilẹ̀. Láìmù máa ń jẹ́ kí koríko fa molybdenum sí i, èyí kì í sì í jẹ́ kí bàbà ṣiṣẹ́ lára màlúù. Bí bàbà kò bá tó ìlọ́po méjì molybdenum, ẹ pe dókítà ẹran kí ìgbẹ́ gbuuru tó bẹ̀rẹ̀, kí irun wọn tó ṣá.